Ìbọn Òfìfo Ni Wọ́n Fi Gba Stony Point

Ní oṣù Keje ọdún 1779, ogun òmìnira Amẹ́ríkà ti wọ ọdún karùn-ún, ó sì ti sú tọ̀túntòsì. Àwọn ìpínlẹ̀ 13 tó kọ̀ láti máa sin ọba Gẹ̀ẹ́sì kò tíì borí, ọba náà kò sì tíì rí wọn tẹ̀ lórí ba. Odò Hudson ni ìjà náà rọ̀ mọ́. Orí odò yìí ni àwọn ìpínlẹ̀ àríwá àti ti gúúsù ti ń kàn sí ara wọn: oúnjẹ, màlúù, ẹ̀tù, lẹ́tà àti ọmọ-ogun, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ẹni tó bá dí odò náà pa ti gé orílẹ̀-èdè tuntun náà sí méjì.

King's Ferry ni ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ sọdá. Stony Point wà lápá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Verplanck's Point wà lápá ìlà-oòrùn. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ọ̀gágun Henry Clinton, olórí gbogbo ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, kó ọkọ̀ ogun gòkè odò láti New York, ó sì gba méjèèjì. Àwọn ará Amẹ́ríkà kéréje tó ń ṣọ́ Stony Point dáná sun ilé ìṣọ́ tí wọn kò tíì kọ́ parí, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ sọdá ní láti yí gba àárín òkè lọ. West Point, odi tí Ọ̀gágun George Washington gbẹ́kẹ̀ lé jù lórí odò náà, kò sì jìnnà sókè odò.

Àpáta ni Stony Point. Ó ga tó 150 ẹsẹ̀ bàtà, ó yọ sínú odò débi pé omi yí i ká lọ́nà mẹ́ta. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ ilẹ̀, àbàtà ni, omi odò sì máa ń bo àbàtà náà bó bá kún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé igi, wọ́n gbẹ́ ẹnu wọn ṣóńṣó, wọ́n sì tò wọ́n ní ìlà méjì dí ojú òkè náà pa, ẹnu ṣóńṣó sí ọ̀nà tí ọ̀tá lè gbà wá. Wọ́n gbé àgbá sókè. Nǹkan bí 600 ọmọ-ogun ló wà níbẹ̀ lábẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Henry Johnson, ọkọ̀ ogun Vulture sì ń ṣọ́ wọn lójú omi. Àwọn èèyàn ń pe ibẹ̀ ní Gibraltar kékeré.

Nínú wákàtí 24, odi yìí bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Àwọn tó gbà á kò ní àgbá kankan lọ́wọ́, ìbọn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì ní ẹ̀tù nínú. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n fi borí, ó sì tọ́ kí a tẹ̀ lé e ní wákàtí wákàtí, torí pé ohun tó gba odi náà gan-an ló tún gba ẹ̀mí àwọn tó pàdánù rẹ̀ là.

Aago 12 ọ̀sán, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 oṣù Keje

Ní Sandy Beach, létí odò Hudson, àwọn ọmọ-ogun tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún àyẹ̀wò. Ọ̀gágun Anthony Wayne ti pàṣẹ pé kí wọ́n fá irùngbọ̀n wọn, kí wọ́n múra dáadáa, kí wọ́n sì gbé oúnjẹ dání. Kò sẹ́ni tó fura. Wọ́n rò pé bí àyẹ̀wò bá ti parí, àgọ́ ni àwọn ń padà sí. Àṣẹ tó jáde ni pé kí wọ́n kọjú sí gúúsù, ni ìrìn bá bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n lé ní 1,000. Àṣàyàn ni wọ́n, tí a ṣà láti inú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Virginia, Pennsylvania, Connecticut, Massachusetts, Maryland àti North Carolina, ẹlẹ́sẹ̀ yíyára tí wọn kì í gbé ẹrù púpọ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n pín sí. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Christian Febiger, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Denmark, ló ń darí ọ̀kan. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Richard Butler, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Return Jonathan Meigs àti Mejọ̀ William Hull ló ń darí mẹ́ta yòókù. Wayne tó jẹ́ olórí gbogbo wọn kò ju ẹni ọdún 34 lọ, ọmọ Pennsylvania sì ni.

Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀gá ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọn kò sọ fún ọmọ-ogun kankan.

Aago 3 ọ̀sán

Ọ̀nà náà gba àárín òkè àti igbó. Níbi tó há jù, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan ni wọ́n ń tò kọjá. Nǹkan bíi máìlì 14 ni gbogbo ìrìn náà. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, ìbáà jẹ́ àgbẹ̀, ìbáà jẹ́ arìnrìn-àjò, wọ́n á dá a dúró, wọn kò ní jẹ́ kó lọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wọn kò fi í jìyà, àmọ́ wọn kò fẹ́ kí ẹnu kan ṣoṣo gbé ìròyìn ṣáájú wọn dé odi. Àwọn ará agbègbè náà sọ lẹ́yìn ogun pé wọ́n ti pa àwọn ajá tó wà nítòsí kí wọ́n má bàa gbó lóru.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣáájú ọjọ́ yìí, wọ́n ti ṣọ́ odi náà títí wọ́n fi mọ ọ́n bí ẹni mọ àgbàlá ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje, Kápútéènì Allan McLane sin ìyá kan tó fẹ́ rí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ inú odi lábẹ́ àsíá funfun. Ó múra bí ará oko tí kò mọ nǹkan kan nípa ogun. Bí àwọn ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀, ojú rẹ̀ ń rìn káàkiri, ó sì rí i pé iṣẹ́ òkè odi náà kò tíì parí. Ní ọjọ́ kẹfà, Washington fúnra rẹ̀ gun òkè Buckberg tó wà nítòsí, ó fi awò wo odi náà. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó kọ lẹ́tà sí Wayne, ó sì to ọ̀nà tí wọn yóò gbà lẹ́sẹẹsẹ: òru ni kí wọ́n lọ, ọmọ-ogun tí kò pọ̀ ni kó ṣíwájú, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ni kí wọ́n lò, kí wọ́n fi ohun funfun sára fìlà wọn kí wọ́n lè mọ ara wọn nínú òkùnkùn. Ó tún sọ ọ́ nínú lẹ́tà kan náà pé ìdájí ni àwọn èèyàn sábà máa ń yan fún irú ìkọlù bẹ́ẹ̀, ìdájí náà sì ni ẹ̀ṣọ́ tó gbọ́n máa ń ṣọ́ra jù, nítorí náà ààjìn ni kí wọ́n lọ.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí i. Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí ni olórí gbogbo ogun, síbẹ̀ ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè láti lọ wo ibi tí yóò rán ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Aago 8 alẹ́

Àwọn tó ṣíwájú dé oko Springsteel, tí kò ju máìlì kan ààbọ̀ sí odi. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Kò sí iná, kò sí ariwo. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ-ogun ti gbọ́ ohun tí wọ́n wá ṣe.

Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni wọn yóò pín sí. Ọ̀wọ́ ọ̀tún, tí Wayne yóò bá rìn, yóò gba etí odò ní gúúsù. Febiger, Meigs àti Hull wà níbẹ̀. Lẹfutẹ́náǹtì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì François de Fleury, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó mọ iṣẹ́ odi dunjú, ni yóò ṣíwájú wọn pẹ̀lú ọmọ-ogun 150. Ọ̀wọ́ òsì, lábẹ́ Butler, yóò gba àríwá. Mejọ̀ John Stewart ni yóò ṣíwájú wọn pẹ̀lú 100. Níwájú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni ogún ọkùnrin wà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi àáké gé igi ṣóńṣó náà kí ọ̀nà lè là fún àwọn tó kù. Lẹfutẹ́náǹtì George Knox ni ọ̀gá wọn lọ́tùn-ún, Lẹfutẹ́náǹtì James Gibbons lósì. Gbogbo wọn mọ̀ pé àwọn ni ọta máa kọ́kọ́ bà.

Ọ̀wọ́ àárín kéré. Mejọ̀ Hardy Murfree àti àwọn ọmọ North Carolina ló wà níbẹ̀, ẹ̀tàn sì ni iṣẹ́ wọn: kí wọ́n yin ìbọn láìdákẹ́ ní iwájú odi, kí ọ̀tá rò pé ibẹ̀ ni ogun ti ń bọ̀. Àwọn nìkan ló ní àṣẹ láti ki ìbọn wọn. Gbogbo ọmọ-ogun ọ̀tún àti tòsì kó ẹ̀tù kúrò nínú ìbọn, wọ́n sì so ọ̀bẹ mọ́ ẹnu rẹ̀. Wọ́n pín bébà funfun fún kálukú láti há mọ́ iwájú fìlà.

Àṣẹ Wayne kò lẹ́jọ́ nínú. Ẹni tó bá gbé ìbọn kúrò léjìká, tàbí tó bá fẹ́ yìn ín, tàbí tó bá fẹ́ sá, ọ̀gá tó bá sún mọ́ ọn jù ni kó pa á lójú ẹsẹ̀. Ó sì fi èrè síwájú wọn: 500 dọ́là fún ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ odi, 400 fún ẹnì kejì, títí dé 100 fún ẹnì karùn-ún. Bí wọ́n bá ti wọlé, kí wọ́n figbe ta lọ́pọ̀ ìgbà pé odi ti di tiwọn.

Ó lójú ẹni tí àwọn ará agbègbè náà máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ ìtàn òru yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìròyìn Wayne kò mẹ́nu bà á. Pompey ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, ẹrú Kápútéènì Lamb kan tó ń dáko nítòsí. Ìtàn náà sọ pé ó máa ń gbé èso lọ tà fún àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó sọ fún wọn pé oko àgbàdo ọ̀gá òun kò jẹ́ kí òun rí àyè wá lọ́sàn-án mọ́, wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò máa sọ fún ẹ̀ṣọ́ kó lè máa wọlé lóru. Wọ́n ní òun ló mú àwọn ọmọ-ogun Wayne gba ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ kọjá. Ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún 1779, òfin ka irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sí dúkìá.

Aago 11 alẹ́

Wayne jókòó ní Springsteel, ó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sharp Delany ní Philadelphia. Ó kọ ọ́ bí ẹni tí kò retí pé òun yóò wà láàyè nígbà tí lẹ́tà náà bá dé ọwọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ sí. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun tọ́jú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òun méjèèjì, ó sì sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé ìròyìn ikú òun lè ṣe é léṣe. Ó ráhùn lórí bí ìgbìmọ̀ ìjọba kò ṣe bìkítà fún àwọn ọmọ-ogun. Ó ní òun lè jẹun àárọ̀ nínú odi ọ̀tá pẹ̀lú ayọ̀, òun sì lè jẹ ẹ́ ní ọ̀run.

Ọkùnrin tí àwọn èèyàn wá ń pè ní wèrè lẹ́yìn náà ló kọ èyí. Ẹni tó ti wo ikú lójú, tó ti ka àwọn tí yóò fi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì dìde lẹ́yìn náà kó máa lọ, wèrè kọ́ ni tirẹ̀.

Aago 11:30 alẹ́

Wọ́n gbéra. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an lóru náà. Afẹ́fẹ́ yẹn ṣe wọ́n lóore lọ́nà méjì: ó bo ìró ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀, ó sì lé àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kúrò níbi tí wọ́n máa ń dúró sí ṣọ́ etí odò.

Bí wọ́n ti ń lọ, ọmọ-ogun kan dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìbọn rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa rìn. Ó dáhùn pé òun kò mọ bí èèyàn ṣe ń fi ìbọn òfìfo lọ jà. Ọ̀gá náà tún kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Lọ́gán ni ọ̀gá náà pa á. Ọ̀gágun William Heath ló kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ó burú kí èèyàn gbọ́ ọ, n kò sì ní sọ pé kò burú. Ohun tó dájú ni pé bí ìbọn kan bá dún nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ni àgbá ìbá pa nínú àbàtà.

Aago 12 òru

Àbàtà ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé, ó sì kún ju bí wọ́n ṣe rò. Omi mu ọ̀wọ́ ọ̀tún dé ìbàdí. Ẹsẹ̀ ń rì sínú ẹrẹ̀, ìbọn wà léjìká, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ nínú omi kò lè ṣe kí wọ́n má pariwo. Ẹ̀ṣọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, ó yin ìbọn. Ìlù ogun dún lórí òkè. Àwọn ọmọ-ogun Johnson fò dìde.

Murfree bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ìbọn ń ró lákọlákọ ní àárín, bí ìgbà tí gbogbo ogun Amẹ́ríkà bá wà níbẹ̀. Johnson gbọ́, ó gbà á gbọ́. Ó kó apá tó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè lọ pàdé ariwo náà. Nípa bẹ́ẹ̀ ó fi orí òkè sílẹ̀ fún ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀, ó sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ jù.

Ní gúúsù, àwọn tó wà nínú omi rí i pé ìlà igi ṣóńṣó náà kò wọ inú odò jìnnà tó. Wọ́n gba inú omi yí orí rẹ̀ kọjá. Ọta ń rọ̀ lé wọn lórí, wọn kò dá a padà, torí pé kò sí ohun tí wọ́n lè fi dá a padà. Wọ́n kàn ń gòkè ni.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn aago 12

Òkè náà ga, ó sì dúdú. Ọ̀pọ̀ jù lọ àgbá àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò wúlò mọ́, nítorí pé ohun tó jìnnà ni wọ́n kọ ẹnu wọn sí, ọ̀tá sì ti wà lábẹ́ wọn. Àwọn alááké ń gé igi, ọta ń gé àwọn náà. Nínú ogún ọkùnrin tí Gibbons kó ṣíwájú lósì, 17 ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn gba ibi tí wọ́n là kọjá.

Nígbà tí ọ̀wọ́ ọ̀tún dé ìlà igi kejì, ọta kan ha Wayne lórí, ó sì ṣubú. Ó rò pé òun ti kú tán. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ síwájú, pé bí òun bá máa kú, inú odi ni òun fẹ́ kú sí. Àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Fishbourn àti Archer, gbé e lápá gòkè. Àṣẹ ti wà nílẹ̀, kálukú sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ogun náà kò dúró torí pé olórí ṣubú.

Fleury ló kọ́kọ́ dé òkè. Ó fò wọ inú odi, ó fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì lulẹ̀, ó sì figbe ta pé odi ti di tiwọn. Knox tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn Knox ni Sájẹ́ǹtì Baker, ọmọ Virginia, tó ti gba ọgbẹ́ mẹ́rin kó tó wọlé, lẹ́yìn náà Sájẹ́ǹtì Spencer, ọmọ Virginia pẹ̀lú, àti Sájẹ́ǹtì Donlop, ọmọ Pennsylvania, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba ọgbẹ́ méjì. Mẹ́ta nínú márùn-ún àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀gá ńlá. Igbe náà gba orí òkè kan, ọ̀wọ́ òsì gbọ́ ọ bí wọ́n ti ń wọlé láti àríwá.

Aago 12:30 òru

Kápútéènì Tew, ọ̀gá ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó bá wọn jà dé òpin, ti kú. Johnson gbìyànjú láti padà sókè, ó rí i pé ọ̀tá ti wà láàárín òun àti odi. Ó túúbá. Ogun náà kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú látìgbà tí ìbọn àkọ́kọ́ ti dún. Lẹfutẹ́náǹtì John Roberts, oníṣẹ́ àgbá, lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ọkọ̀ Vulture, ó sì yè bọ́ lọ́wọ́ ìgbèkùn.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí a dúró díẹ̀ nìyí. Òkùnkùn biribiri, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ lára aṣọ, ọ̀tá sì ń kígbe pé kí wọ́n ṣàánú àwọn. Àwọn ọmọ-ogun Wayne ní ìdí tí wọ́n fi lè kọ etí ikún sí igbe náà. Ní òru ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1777, nítòsí Paoli ní Pennsylvania, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yọ sí Wayne lójijì, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn kan náà ni wọ́n lò, wọ́n sì pa ju 50 lọ nínú àwọn ọmọ-ogun rẹ̀. Ọgbẹ́ mìíràn sì tún tutù ju ìyẹn lọ: ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá gan-an, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dáná sun ìlú Fairfield àti Norwalk ní Connecticut. Àwọn ọmọ Connecticut wà nínú ọ̀wọ́ ọ̀tún lóru náà, lábẹ́ Meigs.

Wọn kò gbẹ̀san. Ẹni tó bá ti ju ohun ìjà sílẹ̀, wọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ìròyìn Wayne ka òkú Gẹ̀ẹ́sì 63, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn dárúkọ 20, àmọ́ ìròyìn méjèèjì gbà pé àwọn tí wọ́n mú láàyè ju 500 lọ. George Collier, olórí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbé Clinton wá gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ṣàánú ní àkókò tí apá wọn ká gbogbo ẹni tó wà níwájú wọn. Ọ̀tá ló yìn wọ́n bẹ́ẹ̀.

Aago 2 òru, Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 16

Pẹ̀lú orí tí wọ́n fi aṣọ dì, Wayne béèrè bébà. Lẹ́tà tó kọ sí Washington kò ju ìlà mélòó kan lọ: odi náà, àwọn tó ń ṣọ́ ọ àti Kọ́nẹ́ẹ̀lì Johnson ti di ti Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ sì ṣe bí ọkùnrin tó ti pinnu láti gba òmìnira. Kò sọ ọgbẹ́ ara rẹ̀ rárá. Wákàtí mẹ́ta ló wà láàárín lẹ́tà tó fi ń dágbére fún ayé àti èyí.

Wọ́n ka àwọn tiwọn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kú, 83 fara gbọgbẹ́.

Òwúrọ̀ títí di ọ̀sán

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n yí àgbá odi náà padà, wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí Verplanck's Point ní òdìkejì odò àti sí ọkọ̀ Vulture. Vulture tú okùn, ó ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Washington ti fẹ́ kí wọ́n gba Verplanck's Point pẹ̀lú, àmọ́ ìyẹn kò bọ́ sí i, Clinton sì ti ń bọ̀ láti New York. Nígbà tó fi di ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kan péré ti kọjá látìgbà tí wọ́n ti tò fún àyẹ̀wò ní Sandy Beach.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Washington dé odi náà ní ọjọ́ 17, ó sì bọ àwọn ọmọ-ogun lọ́wọ́. Ó wo àpáta náà, ó ṣírò iye èèyàn tí yóò máa ṣọ́ ọ nígbà tó jẹ́ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ni ojú odò, ó sì rí i pé ẹrù náà wúwo ju èrè rẹ̀ lọ. Wọ́n kó àgbá, ẹ̀tù àti ohun èlò, wọ́n wó odi náà, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ 18. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, àwọn náà fi í sílẹ̀ fúnra wọn.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí wá ni èrè odi tí wọ́n gbà tí wọ́n tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Èrè àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ogun: wọ́n ṣírò ohun tí wọ́n kó níbẹ̀ sí 158,640 dọ́là, wọ́n sì pín in fún wọn. Èrè kejì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọdún mẹ́rin ni àwọn ọ̀gá ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà kò lè dúró níwájú ọ̀bẹ ẹnu ìbọn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí àwọn fúnra wọn lò ó. Òru kan pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ìgbìmọ̀ ìjọba, tí Wayne ti ráhùn sí, fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà, wọ́n sì fún Fleury àti Stewart ní ti fàdákà.

Mo gbàgbọ́ pé èrè kẹta ló jù. Àṣẹ tó ní kí wọ́n má yin ìbọn láìgbàṣẹ àti ọwọ́ tó dá ẹ̀mí ọ̀tá sí, orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Ọmọ-ogun tó lè rìn wọ inú omi lábẹ́ ọta láìdá a padà ti kọ́ bí a ti ń jọba lórí ìbínú ara ẹni, ìdí nìyẹn tó fi lè dá ọwọ́ dúró nígbà tí ọ̀tá wà lábẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìran ti ja ogun òmìnira lẹ́yìn ìyẹn, ní ilẹ̀ wa Áfíríkà pẹ̀lú, a sì ti rí ibi tí ẹ̀san ti sọ ẹni tó jàre di aláṣejù. Ó ṣe é ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Stony Point jẹ́ ẹ̀rí.

A kò sì gbọdọ̀ fi ìyìn bo ohun tó kù díẹ̀ káàtó mọ́lẹ̀. Òmìnira tí Wayne kọ sínú lẹ́tà rẹ̀ ní aago 2 òru kò tíì kan Pompey àti àwọn bíi tirẹ̀. Ọdún 1827 ni oko ẹrú tó dópin nínú òfin New York, ọdún 48 lẹ́yìn òru náà. Àwọn tó gba odi náà ja ìjà rere, àmọ́ ìjà náà kò tíì parí. Ẹni tó bá fẹ́ bọlá fún wọn lóòótọ́ ní láti ka gbogbo orúkọ tó wà nínú ìtàn náà: ti ọ̀gágun tó gba wúrà, ti sájẹ́ǹtì tó gba ọgbẹ́ mẹ́rin, àti ti ẹrú tí wọ́n ní ó fi ọ̀nà hàn wọ́n.